Ẹsẹ̀ Tó Tutù Jù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Máníjà pápá ẹṣin wa pe gbogbo wa jọ láàárọ̀ yìí sẹ́yìn ilé ìwọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń wọn àwọn agẹṣin, ó gun orí àpótí bí ẹni tó fẹ́ dá orin. Ó ní ìwé òfin tẹ́tẹ́ ẹṣin ti dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí wọ́n bá gbà á wọlé, ẹni tó wà ní ìlú mìíràn á lè fi fóònù ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin wa, ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ á wà káàkiri ìgboro, ìpín tiwa á sì máa wọlé. Bí wọn ò bá gbà á kí wọ́n tó lọ ìsinmi, a máa ti géètì nígbà tí sáà eré yìí bá parí. Èèyàn méjìlélógójì ló ń jẹun nídìí pápá yìí. Atẹ́gùn ń fẹ́ eruku sí wa lójú, mo sì rí Bàbá Ìjánu, àgbà tó ń kọ́ ẹṣin eré, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, n ò mọ̀ bóyá eruku ni.

Lẹ́yìn ìyẹn mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo ki ọwọ́ bọ inú bokẹ́ẹ̀tì omi tútù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tipiri, mo nù ún, mo wá ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹṣin lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ìjánu ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ iléèwé dókítà ẹranko rárá, nítorí ọwọ́ tó ti gbóná kì í mọ̀ bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá gbóná. Gbogbo ẹsẹ̀ ló dára. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹsẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Koríko gbígbẹ tún ti gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á ní òjò tó pẹ́ ló fà á. Bí òjò bá tètè dé, á ní òjò tó tètè dé ló fà á.

Àbúrò mi pè mí láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹ irun. Mo ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ nínú fóònù, ó dájú pé orí ẹnìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Èwo ló máa wọlé ní Sátidé?”

“Ọ̀kan nínú wọn.”

“Ẹ tún ti dé nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn láràárọ̀.”

“Gẹ irun onírun, má gé e létí.”

Ọdún kẹwàá rèé tó ti ń bi mí, n ò dá a lóhùn rí. Òun nìkan ló ń ta tẹ́tẹ́ nínú ilé wa, kì í sì í wọlé fún un. Bí òfin yìí bá kọjá, kò tiẹ̀ ní í máa wọkọ̀ wá sí pápá mọ́ kó tó pàdánù. Mo rò ó, inú mi ò dùn. Mo tún wá ro Bàbá Ìjánu, yàrá kótópó ẹ̀gbẹ́ ilé ẹṣin tó ti ń sùn láti ọdún méjìdínlógójì, mo sì ń bi ara mi ibi tó máa gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin yẹn ṣe.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ òfin náà wò. Wọ́n ní kí dókítà ẹranko pápá wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn lọ́jọ́rú. Máníjà ti ka lẹ́tà náà kó tó dọ́wọ́ mi. Ó kọ ohun tí mo máa sọ sínú ìwé pélébé kan: pé ara ẹṣin wa le, pé pápá wa mọ́, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

“Ẹ má fi kún un, Dókítà. Bí wọ́n bá bi yín ní ọ̀kan, ẹ̀yin a máa dáhùn mẹ́ta.”

N ò bá a jiyàn. Òótọ́ ni.

Ọkọ mi ní kí n má wọ bàtà ilé ẹṣin lọ síbẹ̀ o. Mo ní ṣé mo jọ ẹni tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ẹsẹ̀ mi lórí rọ́ọ̀gì rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Yàrá náà tóbi, àga rẹ̀ le, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ sì ń kán omi sórí kápẹ́ẹ̀tì, tó, tó, tó, bí ẹni ń ka ìṣẹ́jú fún mi. Ọkùnrin kan láti iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin kan dìde, ó ní ọkọ òun ta ilé tí wọ́n ń gbé nítorí tẹ́tẹ́, ọjọ́ tí àwọn tó rà á dé lòun tó mọ̀. Ó jókòó. Ẹnikẹ́ni ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni fún ìgbà díẹ̀. Èmi ló kàn.

Alága ìgbìmọ̀ náà jẹ́ obìnrin tí kò ní dín ní ọgọ́ta ọdún. Okùn ni ó fi so gíláàsì rẹ̀ mọ́rùn, bó bá fẹ́ béèrè ohun tó le, á kọ́kọ́ gbé e wọ̀. Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Onígíláàsì nínú ọkàn mi. Mo ka ìwé pélébé Máníjà tán. Ó gbé gíláàsì wọ̀.

“Dókítà, ẹni tó bá wá sí pápá yín á rí ẹṣin kó tó fowó lé e. Ẹni tó wà ní ìrìn wákàtí mẹ́ta, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù, ta ló máa bá a wo ẹṣin?”

Kò sí èyí nínú ìwé pélébé.

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin nìkan?”

“Èmi nìkan, mà. Láràárọ̀. Mo ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.”

“Bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ fọwọ́ sí èyí tí ara rẹ̀ ò dá ńkọ́?”

Mo mọ̀ pé Máníjà wà lẹ́yìn mi.

“N ò ní í fọwọ́ sí i.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò yára, ó dà bíi pé ó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán pátá.

Níta, Máníjà ò bínú, èyí tó burú jù. Ó kàn ní, “Mo ti sọ nípa mẹ́ta yẹn fún yín.” Bàbá Ìjánu ti bá wa wá, ó wọ kóòtù kan ṣoṣo tó ní. Ó dúró tì mí títí ọkọ̀ fi dé. Ó ní, “Mo gbọ́ ohùn rẹ, ọmọ mi. Ó dún bí ohùn ẹni tí mo kọ́.” Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ọ̀fun ń dùn mí. Mo sọ̀rọ̀ jù lánàá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n ti fi abala tuntun kún òfin náà, ìkẹsàn-án. Máníjà kà á fún mi lórí ìdúró: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba owó tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin kankan, àfi èyí tí dókítà ẹranko bá yẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà tó sì fọwọ́ sí. “Ẹ rí ohun tí ẹnu yín fà,” ló wí. Mo ní kó fún mi ní ẹ̀dà rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ọkọ̀ bí mo ṣe ń lọ sílé. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Pápá ti di ẹrẹ̀, bàtà ń kù sílẹ̀ ẹsẹ̀ ń jáde.

Àwọn aṣòfin ń bọ̀ ní Sátidé láti wá fojú ara wọn rí i. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa fi pinnu bóyá òfin náà á dé iwájú gbogbo ilé. Eré ńlá aago mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ wò. Máníjà ti gba àṣẹ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ti gbé tẹlifíṣọ̀n gàgàrà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí á máa fi hàn wọ́n bí tẹ́tẹ́ ṣe ń wọlé láti orí fóònù. Ẹṣin mẹ́jọ ló yẹ kó sáré. Àwọn tó ni méjì ti mú tiwọn kúrò nítorí ẹrẹ̀. Ó ku mẹ́fà. Bí ẹṣin ò bá pé mẹ́fà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gba tẹ́tẹ́ lórí eré náà, eré tí kò bá sì ní tẹ́tẹ́, a kì í sá a. Òfin yẹn ti wà kí n tó mọ pápá yìí.

Nítorí náà Máníjà ń ka ẹṣin láràárọ̀ bí olùkọ́ tó ń ka ọmọ kíláàsì.

“Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì dára?”

“Títí di àárọ̀ yìí.”

“Ẹ má máa sọ̀rọ̀ báyẹn, Dókítà.”

Máwẹ̀yìn, abo ẹṣin Bàbá Ìjánu, wà nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òun ló yára jù. Bàbá ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyàwó àfẹ́sọ́nà sọ̀rọ̀, gbogbo wa la máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Òjò dá. Ọkọ mi dé láti ṣọ́ọ̀bù yìnyín rẹ̀, ó ní Bàbá Ìjánu wá ra búlọ́ọ̀kù yìnyín mẹ́rin lọ́sàn-án. Ó ní nítorí àwọn àlejò ọ̀la ni, kí ohun mímu wọn lè tutù. “N ò gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.” Mo ní ó ṣeun. Bàbá tó jẹ́ pé ẹṣin nìkan ló ń kí, ó ti wá di olùtọ́jú àlejò. Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí n má baà yí i padà lọ́la.

Mo dé ní kùtù hàì. Mo yẹ ẹṣin márùn-ún wò, gbogbo wọn dára. Máwẹ̀yìn ló yẹ kí n fi ṣe ìkejì, àmọ́ Bàbá ní kí n kọ́kọ́ ṣe àwọn yòókù ná, pé kò tíì jẹun tán. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láti ọdún yìí wá. Mo kàn gbà.

Nígbà tó kan Máwẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀tún, ó dára. Ẹ̀yìn òsì, ó dára. Iwájú ọ̀tún, ó dára. Mo fọwọ́ kan iwájú òsì, mo sì mú ọwọ́ kúrò.

Ó tutù. Kì í ṣe bí ẹsẹ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣe máa ń tutù. Ó tutù bí ìgò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì. Wọ́n ti nu irun rẹ̀ gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n awọ abẹ́ rẹ̀ ń gún mi lọ́wọ́. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin yẹn sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbé ọwọ́ mi padà sórí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, mo jókòó sórí koríko.

“Kí lo ń dúró dè?” Bàbá bi mí.

“Kí ẹsẹ̀ yìí padà sí bó ṣe wà.”

Ó mọ ohun tí mò ń ṣe, òun ló kọ́ mi. A wà níbẹ̀ bí ìdajì wákàtí. Ẹṣin ń jẹ koríko lórí mi. Díẹ̀díẹ̀ ni ooru bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, tó fi jẹ́ pé nígbà tó yá, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án tí kò ní mọ̀. Iṣan náà ti wú.

“Ìgbà kan péré ni, ọmọ mi. Ó máa sáré é parí. Mo mọ̀ ọ́n.”

“Bó bá já ńkọ́, Bàbá? Bó bá já lójú wọn, tí agẹṣin ṣubú?”

“Bí wọ́n bá ti géètì ńkọ́? Ibo ni mo fẹ́ mú un lọ? Èmi náà, ibo ni mò ń lọ?”

Èmi tí wọ́n ní mo máa ń dáhùn mẹ́ta, n ò rí ọ̀kan sọ.

Mo lọ sí ọ́fíìsì. Mo kọ ọ́: Máwẹ̀yìn, iwájú òsì, ó tutù jù, lẹ́yìn náà ó gbóná, kò gbọdọ̀ sáré. Máníjà bẹ̀ mí. N ò rí i kó bẹ èèyàn rí. Ó ní eré ìṣẹ́jú méjì ni, ó ní kí n ronú àwọn méjìlélógójì. Nígbà tó rí i pé n ò mú bírò láti yí ohun tí mo kọ padà, ó jókòó, ó sì fọwọ́ bo ojú.

Ẹṣin márùn-ún. Ní aago mẹ́ta, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé eré ńlá ò ní wáyé. Tẹlifíṣọ̀n gàgàrà náà dúdú kirikiri. Àwọn aṣòfin dúró sínú ẹrẹ̀, wọ́n jẹ bísíkíìtì, wọ́n wo ara wọn, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá Onígíláàsì ló wọlé kẹ́yìn. Ó wò mí láti ojú fèrèsé, gíláàsì wà lójú rẹ̀.

N ò kọ orúkọ ẹni tó mú ẹsẹ̀ náà tutù sínú ìwé. Ẹni tó bá fi àìsàn ẹsẹ̀ ẹṣin pamọ́ fún dókítà, ìwé àṣẹ tó fi ń kọ́ ẹṣin lọ nìyẹn. N ò parọ́. N ò sì sọ òótọ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

N ò tíì sọ ohun tí yìnyín rẹ̀ ṣe fún ọkọ mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ife tíì mi kò sí lórí ìkọ́ mọ́. Mo rí i lẹ́yìn ilé ìwọ̀n, nínú ẹrẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e padà, mo mu tíì mi níbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ó korò, n ò sì mu ún tán, àmọ́ mo mu ún.

Agẹṣin tí a ń pè ní Fẹ́lẹ́, tó yẹ kó gun Máwẹ̀yìn, nìkan ló kí mi. Ó ní, “Ẹ ṣeun, mà,” ó sì yára kọjá kí wọ́n má baà rí wa pọ̀.

Bàbá di ẹṣin mú fún mi láàárọ̀, ó kọjú sí ògiri. Ẹsẹ̀ náà ṣì gbóná.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Lẹ́tà mìíràn. Ìgbìmọ̀ fẹ́ rí ìwé ẹsẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, kí n sì gbé e wá fúnra mi. Máníjà ní kí n sọ fún wọn pé òjò ló mú ẹsẹ̀ náà tutù.

“Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni òjò rọ̀ sí?”

Ó ní kí n wá sọ ohun tó bá wù mí, kí géètì sì tì.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi. “Èmi ni mo gbé búlọ́ọ̀kù yẹn sínú kẹ̀kẹ́ fún un,” ló kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí bóyá màá dárúkọ Bàbá. Mo ní n ò mọ̀. Ó ní, “Bó o bá dárúkọ rẹ̀, ó ti tán fún un. Bó ò bá dárúkọ rẹ̀, kí ni wọ́n á fi ìwé rẹ ṣe?” Mo bínú sí i torí pé òótọ́ ló sọ. Mo lọ fọ aṣọ tó mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Yàrá kan náà. Wọ́n ti gbé ike sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù báyìí, ìró omi ibẹ̀ wá le sí i.

Ìyá Onígíláàsì ṣí ìwé náà, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ ẹ̀yìn wò títí dé oṣù kìn-ín-ní. Ó padà sí ọjọ́ kejìlélógún.

“‘Ó tutù jù.’ Kí ló ń mú ẹsẹ̀ ẹṣin tutù jù, Dókítà?”

“Yìnyín, mà.”

“Kí ni wọ́n fi ń ṣe é?”

“Kí dókítà má baà mọ̀ pé ó gbóná.”

“Ta ló fi yìnyín sí i?”

Mo ro ọwọ́ Bàbá lórí ọwọ́ mi, nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, tó ń darí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹṣin, tó ń sọ pé, rọra, jẹ́ kó bá ọ sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, n ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Àga kan ha ilẹ̀ lẹ́yìn mi.

“Èmi ni.”

Bàbá Ìjánu ló dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

“Èmi ni mo fi í síbẹ̀, mà. Òun ló mú mi. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ náà, ó wá mọ̀ ọ́n jù mí lọ.”

“Bàbá, ẹ jókòó.”

“Ẹ jẹ́ kí n dúró, mà.”

Alága yọ gíláàsì. “Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é?”

“Nítorí pé ẹ̀ ń bọ̀ ni.”

Nínú ọkọ̀, èmi àti Bàbá jókòó lórí àga kan náà. Mo sunkún láti ibẹ̀ dé pápá. Ó fún mi ní aṣọ ìnujú rẹ̀, ó ń rùn bí ẹṣin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin

Wọ́n gba ìwé àṣẹ Bàbá fún ọ̀sẹ̀ méje. Ó ní wọ́n ṣàánú òun, òun rò pé títí láé ni. Wọ́n ò lé e kúrò nínú yàrá.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, ẹnìkan ti pọn omi sínú bokẹ́ẹ̀tì mi, ó ti gbé e sí ibi tó yẹ. N ò béèrè ẹni tó pọn ọ́n. Ẹnìkan ṣoṣo ló ti ń ṣe é fún mi rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin

Gbogbo wa pé jọ sídìí rédíò nínú ilé ìwọ̀n. Àwọn aṣòfin ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ, ó ń bọ̀, Máníjà ń fi bírò fa ìlà sára ògiri. Ìyá Onígíláàsì ló kẹ́yìn. Ó ní lọ́jọ́ tí òun lọ sí pápá, òun ò rí eré kankan wò, ohun tí òun rí níbẹ̀ sì tó òun. Ó ní bí wọ́n bá yọ abala kẹsàn-án, òun ò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Wọn ò yọ ọ́. Ẹnìkan kàn ní kí wọ́n fi kún un pé dókítà náà á jẹ́ èyí tí pápá bá yàn. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀.

Mọ́kànlélógún fọwọ́ sí i, ogún kọ̀.

Àwọn tí kò kí mi láti ọjọ́ yìí wá ń dì mọ́ mi. Fẹ́lẹ́ gun orí òṣùwọ̀n, ó ń jó lórí rẹ̀. Mo dì mọ́ gbogbo wọn. N ò ro ọ̀rọ̀ “tí pápá bá yàn” yẹn sí nǹkan kan. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí pápá ti yàn mí.

Ọjọ́rú, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin

Pápá ti yan dókítà mìíràn.

Máníjà fún mi ní lẹ́tà náà lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, mo gbà pé ó gbìyànjú. “Kì í ṣe ìjà, Dókítà. Iṣẹ́ ti fẹ́ pọ̀ sí i. Ẹni tó ń yára la nílò.” Mo bi í bóyá ó ti ka abala kẹsàn-án. Ó ní òun ti kà á dáadáa.

Mo wọ ilé Máwẹ̀yìn, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún ìbínú tí n ò sun irú rẹ̀ rí. Abala yẹn, láti ẹnu mi ló ti jáde. Mo fi ìwé ẹsẹ̀ sílẹ̀ nítorí tiwọn ni. Mo gbé bokẹ́ẹ̀tì mi lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún

Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tuntun ti ṣí ní ilé kejì sí ti àbúrò mi. Wọ́n kùn ún ní pupa. Ó ní òun á máa gbọ́ bí eré ṣe ń lọ láti ibi tí òun ti ń gẹ irun. Mo ní kó ṣáà máa ṣọ́ etí oníbàárà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún

Òní ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ti pinnu pé n ò ní lọ. Kí aago mẹ́jọ tó lù mo ti wà níbẹ̀.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì. Ẹni tó ń tà á ò mọ ibi tó máa kọjú sí. Mo dúró sẹ́yìn irin ọgbà ilé ẹṣin pẹ̀lú àwọn tó wá wòran, mo ń wo dókítà tuntun náà. Bàtà funfun ló wọ̀. Ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹṣin kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó lójú, ó ń fọwọ́ sí ìwé, ó ń kọjá. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó parí, bàtà náà ṣì funfun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá ìwé àṣẹ Bàbá Ìjánu padà fún un. Ó rí mi. Ó fa Máwẹ̀yìn wá sídìí irin, bokẹ́ẹ̀tì wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì.

“Wá fọwọ́ kàn án.”

“Bàbá, wọ́n ti fọwọ́ sí i. N ò láṣẹ níbí mọ́.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè àṣẹ? Ọwọ́ ni mo ní kó o mú wá.”

Ó gbé bokẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. Yìnyín ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ló léfòó nínú rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí n ò fi mọ̀ ọ́n lára mọ́, mo nù ún mọ́ aṣọ mi, mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ gba àárín irin kọjá. Ẹ̀yìn méjèèjì. Iwájú ọ̀tún. Iwájú òsì. Mo padà sí iwájú ọ̀tún, mo tún wá sí òsì.

Bàbá ń wo ojú mi.

“Ooru rẹ̀ pọ̀?”

“Kò pọ̀. Ó lè sáré é parí.”

“Ó sì lè má parí ẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Orúkọ Máwẹ̀yìn ló wà lókè pátápátá lórí tẹlifíṣọ̀n gàgàrà náà, owó ń rọ́ lé e lórí láti àwọn ìlú tí n ò dé rí. Bàbá wo ibẹ̀. Ó wo òrùlé yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹṣin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn gàárì. Ó gbé gàárì náà lé èjìká, ó fi ìjánu Máwẹ̀yìn lé mi lọ́wọ́, ó sì rìn lọ sí ọ́fíìsì. Mo rí Máníjà tó sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ lókè, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń tọ́ka sí dókítà oníbàtà funfun. Bàbá ń gbọ́ ọ. Wọ́n kéde pé wọ́n ti yọ Máwẹ̀yìn, gbogbo pápá sì pariwo èébú.

Fóònù mi dún. Àbúrò mi ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti yọ Máwẹ̀yìn o. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń gbóná níbí. Dókítà ti fọwọ́ sí i, ta ló wá yọ ọ́?”

“Wọ́n á dá owó rẹ padà.”

“Wọ́n ti dá a padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí owó mi máa padà wálé láti pápá yẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹṣin gbé orí sókè.

Ìwé ẹsẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, nítorí náà ibí ni mo máa kọ ọ́ sí.

Máwẹ̀yìn. Ẹ̀yìn méjèèjì: ó dára. Iwájú ọ̀tún: ó dára. Iwájú òsì: ó gbóná díẹ̀. Kò sáré. Bàbá ló yọ ọ́.